Ohun tí sed -i ń ṣe gan-an sí fáìlì ńlá

sed ni ètò orí Linux tí a fi ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe: s/// ni àṣẹ tó ń sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, -i sì ni à ń fi kún un kí àyípadà náà lè hàn nínú fáìlì náà dípò ojú ìbòjú lásán. Bí a ṣe ń kọ àṣẹ s/// kò gba àlàyé. Ẹni tó bá ti lo sed lẹ́ẹ̀mejì ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ ká tú wò ni ìgbàgbọ́ tí ọ̀pọ̀ ní nípa -i: pé sed máa ń wọ inú fáìlì lọ, á yọ ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́, á fi èyí tí a fẹ́ sí ipò rẹ̀, á sì jáde láìfọwọ́ kan ìyókù. Kò rí bẹ́ẹ̀. sed kì í kọ nǹkan kan sínú fáìlì tí a fún un. Ó ń kà á ni, ó ń kọ òmíràn láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà tó kẹ́yìn, nígbà tó bá sì parí, á gbé orúkọ ti àkọ́kọ́ fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Ká ní fáìlì kan wà lórí laptop kan ní Kubwa, ìwé Yorùbá oríṣiríṣi tí wọ́n kó jọ láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè, ó sì tó 20 GB. Láti ìlà 4000 dé ìlà 4200, “Ilorin” ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ síbẹ̀ láìsí àmì kankan. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á kọ báyìí:

sed -i '4000,4200s/Ilorin/Ìlọrin/g' iwe.txt

Ìlà 201 péré ni ọ̀rọ̀ kàn, síbẹ̀ gbogbo 20 GB ni sed máa kà, gbogbo rẹ̀ náà ló sì máa tún kọ. Nǹkan méjì ló fà á. Èkíní, fáìlì text kò ní atọ́ka tó ń sọ ibi tí ìlà 4000 ti bẹ̀rẹ̀. Àfi kí sed máa ka òpin ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi débẹ̀. Èkejì ló le jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í rò dé. Báìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tó wà nínú fáìlì. “Ilorin” jẹ́ báìtì 6. “Ìlọrin” jẹ́ báìtì 9, torí pé ní UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, Ì ń gba báìtì 2, ọ ń gba 3. Báìtì 3 gbọ́dọ̀ wọ àárín ibi tí kò sí àyè.

Ohun mẹ́ta ni a sábà lè ṣe sí fáìlì tó wà nílẹ̀: ká kọ báìtì lé báìtì mìíràn lórí, ká fi kún ìdí rẹ̀, tàbí ká gé ìdí rẹ̀ kúrò. Láti ọdún 2015, Linux ní ọ̀nà tí a fi lè ti àyè bọ àárín fáìlì lórí XFS àti ext4 (ètò fáìlì ni wọ́n, ìyẹn ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì), ṣùgbọ́n odidi búlọ́ọ̀kù, ẹyọ àyè tí wọ́n fi ń pín dísìkì, ló ń gbà, tó sábà máa ń jẹ́ báìtì 4096. Kò wúlò fún báìtì 3.

Ẹ fojú inú wo ìlà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ mọ́ra wọn ní ọjà Wuse. Bí ẹni tó wà láàárín bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta fẹ̀ sí i, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbọ́dọ̀ wó, kí wọ́n tún wọn kọ́ síwájú díẹ̀. Bírìkìlà tó gbọ́n kò ní gbà. Á wá ilẹ̀ mìíràn nítòsí, á kọ́ gbogbo ìlà náà lọ́tun síbẹ̀, á fún ẹni àárín ní àyè tó ń fẹ́, àwọn ọlọ́jà á sì máa tà lọ nínú ti àtijọ́. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá parí, á ṣí pátákó orúkọ kúrò níwájú ti àtijọ́, á kàn án mọ́ iwájú ti tuntun. Oníbàárà tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, pátákó ni yóò tẹ̀ lé. Èyí tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ibẹ̀ ni yóò máa nájà, nínú ìlà tí kò ní orúkọ mọ́, wọn kò sì lè gba ilẹ̀ náà padà títí oníbàárà ìkẹyìn á fi jáde.

Gbogbo iṣẹ́ sed -i ló wà nínú ìyẹn. Ilẹ̀ tuntun ni fáìlì onígbà díẹ̀ tí sed ń dá sínú fódà kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “sed”. Inú fódà kan náà ló ń dá a sí, torí pé láàárín ètò fáìlì kan ṣoṣo ni pátákó ti lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíṣí pátákó yẹn ni rename, òun sì ni apá tó dára jù nínú gbogbo ètò yìí. POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò fún Unix àti àwọn tó jọ ọ́, là á sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ìgbà kankan tí orúkọ náà á di àwátì: ẹni tó bá ṣí iwe.txt á bá yálà ti àtijọ́ lódindi tàbí ti tuntun lódindi.

Fún ẹni tó ń gbé Abuja, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Bí iná bá lọ nígbà tí sed ti kọ 12 GB, tí bátìrì laptop náà sì ti kú tipẹ́, iwe.txt ṣì wà bó ṣe wà. Fáìlì onígbà díẹ̀ tí kò parí ló máa kù nínú fódà. A ó pa á rẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ká ní ohun tí àwọn èèyàn rò ni sed ń ṣe ni, tó ń ti báìtì síwájú nínú fáìlì gan-an, iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ á fi fáìlì tí apá kan rẹ̀ ti sún, tí apá kan kò tíì sún sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ ojú ibi tó ti já. Ẹni tó ń ráhùn pé sed ń fi àkókò ṣòfò nítorí ìlà 201 kò mọ̀ pé ààbò yìí ni àkókò náà ń bá lọ. Perl, èdè kọ̀ǹpútà tó ní -i tirẹ̀, náà ti wá gbà bẹ́ẹ̀: kí ẹ̀yà 5.28 tó jáde lọ́dún 2018, perl -i máa ń mú fáìlì àtijọ́ kúrò nílẹ̀ gbàrà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní báyìí, ó ń dúró kí tuntun parí ná.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, os.replace (tó ń ṣe iṣẹ́ rename) ni kó lò, ṣùgbọ́n kó pe os.fsync lórí fáìlì tuntun kó tó ṣí orúkọ. rename nìkan kò sọ pé ohun tí a kọ ti kúrò nínú mẹ́mórì dé orí dísìkì. Ẹni tó bá sì sá fún -i, tó lọ kọ sed … iwe.txt > iwe.txt (àmì > ń sọ pé kí èsì lọ sínú fáìlì náà), òfìfo ló máa bá: shell, ètò tó ń gba àṣẹ tí a tẹ̀, á ti nu fáìlì náà tán kí sed tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ètò náà ní ibi tó ti ń bu èèyàn jẹ. Fáìlì 20 GB gbọ́dọ̀ bá bíi 20 GB mìíràn tó ṣófo lórí dísìkì. tail -f (àṣẹ tó ń fi ìlà tuntun inú fáìlì hàn bó ṣe ń wọlé), àti ètò èyíkéyìí tó ń kọ log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀) sínú fáìlì tí a lo sed -i fún, inode ti àtijọ́ (ohun tó dúró fún fáìlì gan-an, yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀) ni wọ́n dì mú: ohun tí ètò náà ń kọ kò ní hàn nínú fáìlì tuntun, àyè dísìkì kò sì ní padà títí wọ́n á fi ti fáìlì náà. tail -F sàn jù, torí pé orúkọ ni òun ń tẹ̀ lé. Symlink, ìyẹn orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn, náà ń fara gbá a: sed á fi fáìlì gidi rọ́pò rẹ̀, àfi tí a bá fi --follow-symlinks kún àṣẹ.

Ti chmod, àṣẹ tó ń sọ ẹni tó lè ka fáìlì tàbí kọ sínú rẹ̀, ló burú jù. Fáìlì tí a ti sọ di 444 (kíkà nìkan), tí a rò pé kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́, sed -i á yí i padà láìbéèrè. Kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ ló gbé fún fáìlì mìíràn, fódà ló sì ni orúkọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà GNU sed (ẹ̀yà sed tó wọ́pọ̀ lórí Linux) sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe kọ́, pé bí ètò fáìlì Unix ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí sed kìlọ̀ kó tó ṣe é.

Títún fáìlì ṣe lójú ibi tó wà gan-an ṣeé ṣe bí ọ̀rọ̀ tuntun bá bá ti àtijọ́ dọ́gba ní báìtì, èdè Yorùbá sì fún wa ní ọ̀kan tó dùn mọ́ni. A lè kọ lẹ́tà ọ gẹ́gẹ́ bí o tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àgbáyé) tẹ̀ lé, a sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lójú grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ẹni tó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. Ṣùgbọ́n báìtì 3 ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti ṣ. Bí àmì ohùn bá tẹ̀ lé àmì ìsàlẹ̀, 5 sí 5 ni. Ibi tí kò ti bá a mu ni ibi tí wọ́n ti fi ó tó ti ní ohùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. 4 ni ìyẹn, kò sì lè gba 5.

Fún àwọn tó dọ́gba, grep -ob á sọ ipò báìtì wọn, Python á fi 'r+b' ṣí fáìlì náà (láti kà á, kó sì lè kọ sínú rẹ̀), á fi seek lọ síbẹ̀, á kọ báìtì 3 lé 3. Ẹni tó bá fẹ́ lo dd, àṣẹ tó ń kọ báìtì síbi tí a bá tọ́ka, gbọ́dọ̀ fi conv=notrunc sí i, láìṣe bẹ́ẹ̀ ibi tó bá kọ nǹkan sí ni fáìlì náà máa parí sí. Nínú iṣẹ́ yìí, a kò nílò 20 GB tó ṣófo, inode kò sì yí padà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, àwọn tí a ti tún ṣe ti di U+1ECD, grep kò ní mú wọn wá mọ́. Àwọn tó kù nìkan ló máa rí nígbà tí a bá mú kí script náà (ètò kékeré tí a fi ṣe iṣẹ́ yìí) ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.