Kāmalā: ibà pọ́njú nínú ìṣègùn Ayurveda

Kāmalā ni orúkọ tí Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, fún ibà pọ́njú, àìsàn tí ń mú kí ẹyinjú, awọ ara àti ìtọ̀ pọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ọfọ̀ kan wà nínú Atharvaveda, ìwé mímọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà (ìwé 1, orin 22), tí ń lé àwọ̀ náà kúrò lára aláìsàn lọ sára ayékòótọ́, tí ó sì ń fi pupa ara màlúù rọ́pò rẹ̀. Etí tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àjèjì.

Ìwé tí àwọn oníṣègùn Ayurveda gbójú lé jù lórí àìsàn yìí ni Charaka Samhita, ní orí 16 nínú apá ìtọ́jú. Ibẹ̀ náà ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa pāṇḍu, ìyẹn àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ara funfun. Bí ẹni tó ní pāṇḍu kò bá yé jẹ ohun tí ń ru pitta sókè, ìwé náà ní pitta yóò jó ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀, kāmalā yóò sì dé. Òróòro ni wọ́n sábà máa ń túmọ̀ pitta sí, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kan ni nínú agbára mẹ́ta (vāta, pitta, kapha) tí wọ́n gbà pé ó ń darí ara, òun ló sì ni ooru ara àti bí oúnjẹ ṣe ń dà.

Ibi tí ìwé náà ti mú jù ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Kāmalā pín sí méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, pitta ti pọ̀ jù, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ sì pọ́n. Nínú èkejì, kapha ló dí ọ̀nà mọ́ pitta, kò jẹ́ kí ó dé ìfun, ìgbẹ́ wá funfun bíi yànmọ̀tí tí a lọ̀. Títí dòní, dókítà ṣì máa ń bèèrè àwọ̀ ìgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, torí òróòro ló ń fún ìgbẹ́ láwọ̀. Bí òkúta tàbí kókó bá dí ọ̀nà rẹ̀, ìgbẹ́ á ṣì.

Ìtọ́jú méjèèjì kọjú síra wọn. Fún ti àkọ́kọ́, wọn a kọ́kọ́ fún aláìsàn ní òróró bọ́tà màlúù tí wọ́n ń pè ní ghee, lẹ́yìn náà wọn a fi egbòogi kíkorò fọ inú rẹ̀. Omi triphala (àpòpọ̀ èso mẹ́ta), guduchi (ewéko kan tí ń fà lórí igi) tàbí dóńgóyárò pẹ̀lú oyin ní òwúrọ̀ wà lára rẹ̀. Fún èkejì, ohun títa àti kíkan ni: ọbẹ̀ ẹran ọ̀kín, àparò tàbí àkùkọ, atalẹ̀ àti ata iyèré pẹ̀lú omi ọsàn kíkan, títí ìgbẹ́ yóò fi padà ní àwọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó padà sí ìtọ́jú ti àkọ́kọ́.

Nínú àwọn ewé àti egbò tí wọ́n ń lò, kutki ń hù lórí òkè Himalaya, ó sì korò bí òróòro. Àwọn mìíràn kò jìnnà sí wa: punarnava ni ètìpọ́nlá, bhumyamalaki sì ni ẹ̀yìn olobe. Ní 1988, ìwádìí kan ní Madras, ìlú kan ní Íńdíà, fún àwọn tó ní kòkòrò hepatitis B, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tí ó sì lè fa ibà pọ́njú, ní ẹ̀yìn olobe. Kòkòrò náà kò hàn mọ́ lára 22 nínú 37, nígbà tí ó jẹ́ 1 péré nínú 23 tí kò lò ó. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Hepatitis A, irú mìíràn tí òun náà lè fa ibà pọ́njú, sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ohunkóhun tí aláìsàn bá ń mu nígbà náà ni yóò gba ìyìn.

Àwọn oògùn kan tún léwu. Makiuri, tí ó jẹ́ májèlé, wà nínú Arogyavardhini, oògùn ẹ̀dọ̀ tó lókìkí. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2004, àwọn olùwádìí ra oògùn Ayurveda 70 ní àwọn ilé ìtajà agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bá òjé, makiuri tàbí arsenic, tí àwọn náà jẹ́ májèlé, nínú 14. Guduchi fúnra rẹ̀ kò mọ́ pátápátá: ní 2021, àwọn dókítà ní Mumbai jábọ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba Íńdíà tó ń bójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ kò gbà pé òun ló fà á.