SSD tí ò boot lẹ́yìn tí wọ́n ti install tán: ibi tí ọ̀nà ti máa ń já

Wọ́n ti gbé Windows tàbí Linux lé SSD tuntun (disk tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí), gbogbo ẹ̀ lọ geere títí tó fi parí, kọ̀ǹpútà ní òun fẹ́ restart, ló bá di pé ojú ẹ̀ dúdú, ó wá kọ "No bootable device" síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò rí disk tó lè fi boot, tó lè fi gbéra. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé SSD yẹn ti bàjẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í install lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú ṣe bẹ́ẹ̀. SSD tó gba gbogbo fáìlì yẹn sára láìfi error kankan hàn, ó ṣòro kó jẹ́ òun ló níṣòro, tí ẹ bá sì tún install bí ẹ ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀, ibì kan náà lẹ máa tún bá ara yín. Ilé wà níbẹ̀ digbí, àlejò ni ò mọ̀nà.

Àlejò yẹn ni firmware, ètò kékeré tó wà lórí motherboard (pátákó tó so gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà pọ̀), torí tí èèyàn bá tẹ power, òun ló kọ́kọ́ ń jí, kì í ṣe Windows. BIOS làwọn èèyàn ṣì ń pè é, àmọ́ UEFI ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́ ò sì jọra rárá. BIOS àtijọ́ ò mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì, sector àkọ́kọ́, ìyẹn apá kékeré tó ṣáájú lórí disk, ló máa ń kà, 512 báìtì péré, tó bá ti rí àmì 55 AA ní ìparí ẹ̀, á ní kí kóòdù tó wà níbẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. UEFI ní tiẹ̀ mọ fáìlì kà. Partition (apá tí wọ́n pín sọ́tọ̀ lórí disk) kékeré kan tí wọ́n format sí FAT32 ló ń wá, EFI System Partition lorúkọ ẹ̀, Windows sábà máa ń fún un ní 100 MB, ibẹ̀ ni bootmgfw.efi, fáìlì tó ń gbé Windows dìde, ń gbé, ibẹ̀ náà ni fáìlì GRUB tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ Linux wà. Tí installation bá ti ń parí, á kọ àdírẹ́ẹ̀sì fáìlì yẹn sínú NVRAM, ibi ìrántí kékeré kan lórí motherboard, pé disk báyìí, partition báyìí, fáìlì báyìí ni kí wọ́n ṣí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "Windows Boot Manager" lẹ máa ń rí nínú boot menu. Tí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí bá ti sọnù, kọ̀ǹpútà lè má débì kankan.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ yọ flash tẹ́ ẹ fi install kúrò, kẹ́ ẹ wá wọ BIOS, F2 tàbí Del ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wò ó bóyá orúkọ SSD yẹn wà níbẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un fi sí ojú ihò ẹ̀ dáadáa. M.2, irú SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ ihò lórí motherboard, tún ní ẹ̀tàn tiẹ̀ o. SATA àti NVMe ni ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀: àwọn ihò kan wà tó jẹ́ SATA nìkan ni wọ́n gbà, àwọn míì NVMe nìkan, SSD méjèèjì sì lè jọra lójú. Èyí tó máa ń da èèyàn lórí rú jù ni ti motherboard àtijọ́ tí firmware ẹ̀ ò ní driver NVMe, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kó lè lo SSD NVMe. Nígbà tẹ́ ẹ ń install, SSD hàn kedere, torí installer gbé driver tiẹ̀ wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá restart, firmware nìkan ló kù, òun ò sì rí nǹkan kan. Ẹ wò ó bóyá update BIOS wà fún un, tí ò bá sí, àfi SSD SATA.

Tí orúkọ SSD bá wà níbẹ̀ tí ò sì boot, ọ̀rọ̀ mode, ìyẹn ọ̀nà BIOS àtijọ́ tàbí ti UEFI, ló sábà máa ń jẹ́. Nínú boot menu, flash kan ṣoṣo lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní "UEFI:" níwájú, èkejì ò ní. Ẹni tó bá yan èyí tí ò ní yẹn, ọ̀nà BIOS àtijọ́ ló gbà wọlé, Windows á sì fẹ́ kí disk jẹ́ MBR (ọ̀nà àtijọ́ láti pín disk, GPT ni ti UEFI), kò ní dá EFI partition kankan sílẹ̀. Tí motherboard bá wá wà lórí UEFI nìkan, ó parí. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi flash boot padà, ẹ tẹ Shift àti F10, ojú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí á ṣí, ẹ kọ diskpart, lẹ́yìn náà list disk. Tí àmì ìràwọ̀ bá wà lábẹ́ Gpt níwájú disk yẹn, GPT ni, tí ibẹ̀ bá ṣófo, MBR ni. Ẹ ò sì ní láti pa nǹkan kan rẹ́, láti Windows 10 version 1703 ti ọdún 2017 ni mbr2gpt, irinṣẹ́ tó ń sọ MBR di GPT, ti wà nínú ẹ̀, á yí i padà láìfọwọ́ kan fáìlì yín, àmọ́ ẹ ṣe backup ná.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ gan-an ni ti disk méjì. Tí disk àtijọ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ ń install, Windows lè lo EFI partition tó bá lórí ẹ̀, á kó fáìlì boot síbẹ̀, á wá kó ìyókù sórí SSD tuntun. Gbogbo nǹkan á máa ṣiṣẹ́ o, títí dọjọ́ tí wọ́n bá yọ disk àtijọ́ tàbí tí wọ́n bá format ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ yọ disk yòókù kẹ́ ẹ tó install. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, nínú diskpart yẹn náà, ẹ select SSD àti partition Windows, ẹ shrink ẹ̀ díẹ̀, ẹ create partition efi size=260, ẹ format ẹ̀ sí fat32, ẹ fún un ní lẹ́tà S, ẹ jáde, kẹ́ ẹ wá kọ àṣẹ yìí, tó máa kó fáìlì boot síbẹ̀:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà Windows yín dáadáa, torí nínú installer, ohun tó ń jẹ́ C lójoojúmọ́ lè di D.

Nígbà míì, fáìlì wà níbẹ̀ pé, àdírẹ́ẹ̀sì inú NVRAM ló pa rẹ́, bóyá torí wọ́n update BIOS tàbí wọ́n gbé SSD lọ sínú ẹ̀rọ míì. UEFI máa ń wá \EFI\BOOT\BOOTX64.EFI fúnra ẹ̀ tí ò bá rí àdírẹ́ẹ̀sì kankan, tíyẹn náà ò bá sí, ẹni tó ń lo Linux lè fi live USB (flash tí Linux ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n install ẹ̀) wọlé, kó lo irinṣẹ́ efibootmgr láti kọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. "Secure Boot Violation" ní tiẹ̀ túmọ̀ sí pé firmware ò gba signature fáìlì yẹn, àmì tó ń fi hàn pé ẹni tó fọkàn tán ló ṣe é. Tó bá sì jẹ́ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lẹ rí, boot ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, driver ló kù, ẹ lọ wo BIOS bóyá ẹnì kan ti yí ètò tí disk ń lò láti AHCI sí RAID, tàbí ó ti tan VMD (ètò Intel fún SSD NVMe), kẹ́ ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ install.

SSD tó bàjẹ́ lóòótọ́, ìwà ẹ̀ yàtọ̀: á hàn nínú BIOS lónìí, á pòórá lọ́la, installer á kọ̀ láti format ẹ̀, tàbí á dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ nígbà tó ń kó fáìlì. Bó bá ń ṣe báyẹn lórí ẹ̀rọ kejì náà, ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí ẹ̀ kíá, kẹ́ ẹ fi warranty gba òmíì.