Pápákọ̀ Òfurufú Sandakan: Ọkọ́ ni Wọ́n Fi Tẹ́ Ẹ

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo àwọn orangutan, ìnàkí onírun pupa, ní Sepilok, Sandakan ni bàálù rẹ̀ máa balẹ̀ sí. Ìlú etíkun ni, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Sabah, lórí erékùṣù Borneo, ní apá ti Màléṣíà. Pápákọ̀ náà ò tóbi. Kò sì sí bí àlejò tó ń dúró de ẹrù rẹ̀ níbẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ló fi ọkọ́ tẹ́ ilẹ̀ tí táyà bàálù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yẹn.

Nígbà tí ọdún 1942 fi máa dé ìdajì, Jàpáànì ti gba Singapore lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti gba Borneo mọ́ ọn. Epo rọ̀bì wà ní Borneo, erékùṣù ọ̀hún sì bọ́ sáàárín Singapore àti Philippines. Bàálù ogun nílò ibi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀ bu epo, Sandakan sì wà lójú ọ̀nà gan-an. Òṣìṣẹ́ ló kù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun sì pọ̀ lọ jàra ní Changi, ní Singapore. Ní oṣù Keje, wọ́n kó nǹkan bí 1,500 ọmọ ogun Ọsirélíà sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ubi Maru, ó di Sandakan. Nígbà tó di 1943, wọ́n kó àwọn mìíràn kún wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n fi tipátipá kó àwọn ará Java wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Ní nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ sí ìlú ni àgọ́ wọn wà. Títí dòní, máìlì làwọn ará Sandakan fi ń pe àdúgbò: Batu 7, Batu 8, gẹ́gẹ́ bí ará Èkó ṣe ń sọ pé òun ń lọ Máìlì 12. Òkúta ni "batu" lédè Malay, òkúta tí òyìnbó máa ń rì sẹ́bàá títì.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń ti àgọ́ lọ sí pápá. Wọ́n á gé igbó, wọ́n á wó òkìtì ilẹ̀, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dí àbàtà. Changkol, ọkọ́ ilẹ̀ Malay, ni irinṣẹ́ wọn, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù kéékèèké tí wọ́n ń tì lórí irin. Ẹ́ńjínníà ológun kan, Hoshijima Susumu, ló ń pàṣẹ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n á há a mọ́ inú àgò onígi kan tí kò ga tó ẹni tó fẹ́ nàró. Kápútéènì Lionel Matthews, ọmọ Ọsirélíà, bá àwọn ará ìlú dì í ní bòńkẹ́lẹ́ láti máa rí oògùn àti ìròyìn. Àṣírí tú ní 1943, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Kuching ní oṣù Kẹta 1944.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé iṣẹ́ ọ̀hún yọrí. Bàálù ogun Jàpáànì lo rọ́ńwéè náà. Ní ìparí 1944, bàálù Amẹ́ríkà, tó wà lẹ́yìn orílẹ̀-èdè àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, wá ń ju bọ́ǹbù lé e lórí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ni wọ́n ń lé lọ dí kòtò bọ́ǹbù. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 1945, Jàpáànì pa pápá náà tì. Láti ìgbà yẹn, ẹnu tí wọ́n ń bọ́ lásán ni wọ́n ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí. Wọ́n kó àwọn tó ṣì lè rìn gba inú igbó lọ sí Ranau, nǹkan bíi kìlómítà 260, wọ́n sì ń pa ẹni tó bá ṣubú lọ́nà. Àwọn tí kò lè rìn kú sí àgọ́. Nínú nǹkan bí 2,400 ọmọ ogun Ọsirélíà àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Sandakan, tí a bá ka àwọn tó kú kí ìrìn náà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, mẹ́fà péré ló yè é. Ọmọ Ọsirélíà ni gbogbo wọn, sísá ni wọ́n sì sá. Wọ́n yẹgi fún Hoshijima ní 1946.

Ogun ti sọ ìlú Sandakan di eérú. Gẹ̀ẹ́sì kó olú-ìlú ilẹ̀ náà kúrò níbẹ̀ lọ sí Jesselton, tí a ń pè ní Kota Kinabalu lónìí. Ṣùgbọ́n wọn ò pa pápá náà tì. Ó di ti èrò. Sabah bọ́ sínú Màléṣíà ní 1963, òwò gẹdú sì sọ ọ̀pọ̀ ará Sandakan di olówó. Ní báyìí, AirAsia ń gbé èrò wá láti Kuala Lumpur. Ní 2007 sì ni bàálù kéékèèké MASwings bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ àwọn ìlú Borneo yòókù.

Wọ́n ti sọ ibi tí àgọ́ wà di ọgbà ìrántí. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi di ooru, àti ẹ̀rọ tó ń fún àgọ́ ní iná ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n ti dípẹtà. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń ṣe ìrántí níbẹ̀. Kò jìnnà sí pápákọ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá pẹ́, ó lè wọ takisí lọ kó sì padà.