Ọ̀bọ̀ǹbọn Gòláyátì

Ọ̀bọ̀ǹbọn Gòláyátì ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀bọ̀ǹbọn ńláńlá inú ẹ̀yà (genus) Goliathus, tí wọ́n ń gbé inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ òmìrán Fílístínì tí Dáfídì fi kànnàkànnà pa ni wọ́n fi sọ wọ́n. Akọ Goliathus goliatus lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11, ìdin rẹ̀ inú ilẹ̀ sì lè wúwo tó gíráàmù 100, ó wúwo ju òbí tó yé e lọ.

Lẹ́nu odò Gàbọ́ọ̀n ni wọ́n ti rí òkú ọ̀kan tó léfòó sójú omi ní nǹkan bí ọdún 1766. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ Sweden, sì fún un ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1771. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunterian ní Glasgow ló wà dòní.

Ẹni tó bá rí ọ̀bọ̀ǹbọn ńlá nínú igbó, kó má fi títóbi nìkan dá a mọ̀. Orí ni kó kọ́kọ́ wò. Akọ Gòláyátì ní ìwo kúkúrú kan níwájú orí, tó là sí méjì bí lẹ́tà Y. Abo kò níwo. Iwájú orí tirẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹnu ọkọ́, òun ló sì fi ń walẹ̀ tó bá fẹ́ yé ẹyin. Èjìká goliatus dúdú, ìlà funfun gbọọrọgbọọrọ sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí obì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ a máa yàtọ̀ gan-an: ẹ̀yìn Goliathus regius, tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, funfun, ó sì ní àbàwọ́n dúdú.

Bó ṣe ń fò ni kò ṣeé ṣì mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀bọ̀ǹbọn ló ń ṣí ìyẹ́ líle ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Gòláyátì kì í ṣí tirẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ líle náà ní àlàfo díẹ̀, ibẹ̀ ni ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ń fò ti ń yọ jáde. Àwọn ìbátan rẹ̀ kéékèèké tó ń jẹ òdòdó náà ń fò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀bọ̀ǹbọn mẹ́ta mìíràn ni àwọn èèyàn sábà máa ń ṣì pè ní Gòláyátì. Akọ Oryctes, tó ń gbẹ́ ihò sí ìdí màrìwò ọ̀pẹ, ní ìwo kan ṣoṣo tó tẹ̀ sẹ́yìn. Akọ Augosoma centaurus ní méjì gígùn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan léjìká, tí wọ́n dojú kọra bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Rhynchophorus phoenicis, òbí ìtun, ìdin inú ọ̀pẹ tí àwọn ará Ìlàjẹ ń jẹ, kò níwo rárá. Ẹnu gígùn tín-ín-rín ló ní.