Àwòrán ojúde ni, ẹ fi òpópónà sílẹ̀

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹnì kan túmọ̀ "street art", àwòrán tí wọ́n ń yà sára ògiri ìta, sí "iṣẹ́ ọnà òpópónà". Inú bí mi. Mọ́tò ló ń gba òpópónà, ara ògiri ni àwòrán tí à ń sọ yìí wà, ó kọjú sí ẹni tó ń kọjá. Ńṣe lẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ ka Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn tó ń pè é ní gràfítì kò tilẹ̀ gbìyànjú. "Àwòrán ìgboro" sàn díẹ̀, àmọ́ pátákó ìpolówó ọṣẹ náà wà nígboro, ẹni tó gbé e síbẹ̀ sì ti sanwó àyè.

Àwòrán ojúde lèmi ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ l'Ọ́fà bá mi jiyàn títí, ó ní ojúde ní onílé. Ògiri wo ni kò ní? Baálé ló ni ojúde, síbẹ̀ kò sí ìlẹ̀kùn níbẹ̀: ẹlẹ́kọ ń gba ibẹ̀, ọmọ ilé-kéwú ń gba ibẹ̀, àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni ń dúró béèrè ọ̀nà níbẹ̀. Ayàwòrán kò tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Gbogbo ìjà tó wà nínú iṣẹ́ náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Bóyá wọ́n fọ́n ọ̀dà rẹ̀ ni o, bóyá wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ni o, ìyẹn ò kàn mí níhìn-ín.

Ojúde tí àwòrán wà ló ń fún un nítumọ̀. Ẹ wo ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára fẹ́ǹsì kan ní Tánkẹ̀ n'Ílọrin, tí ọ̀dà ṣàn wálẹ̀ láti ara lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé ìjà ogún ń bẹ nínú ilé, tàbí pé gbájúẹ̀ kan ti fẹ́ tà á rí. Ẹ wá gé bíríkì yẹn jáde, ẹ gbé e lọ sí Ọjà Ọba, kí ẹ dá iye lé e. Ilé wo ló ń sọ mọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn gan-an sí àwòrán kan tí Banksy yà, ayàwòrán ojúde ará Gẹ̀ẹ́sì tó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Lọ́dún 2012, nígbà tí wọ́n ń ṣàjọ̀dún 60 ọdún Ọbabìnrin Elizabeth lórí oyè, Banksy ya ọmọdé kan tó kúnlẹ̀ nídìí maṣíìnì ìránṣọ, tó ń rán àsíá ilẹ̀ wọn. Ògiri ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà pọ́n-ùn kan ní Wood Green ló yà á sí. Ẹni tó bá jáde tòun ti ọjà pọ́ọ́kú lọ́wọ́, á bá ọmọ náà pàdé. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n gé e kúrò lára ògiri, ó di Miami, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lù ú ní gbàǹjo. Àwọn ará àdúgbò fárígá, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú gbàǹjo náà, àmọ́ wọ́n padà tà á ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún kan náà. Ọmọ kan náà ni, àsíá kan náà ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Mo pe "àwòrán ojúde" létí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ní Ìdí-Àpẹ́. Kò bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ojúde ta ni?"