Òógùn Kì Í Ṣe Ọ̀rá Tó Yọ́

Bí ẹ bá jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí àwọn tó ń sáré. Àwọn kan ń yí pápá ìṣeré Charles-de-Gaulle ká, àwọn kan ń gba ọ̀nà afárá lọ sí etí ọ̀sà. Ọ̀dọ́ ń bẹ níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ń bẹ níbẹ̀, àwọn bàbá tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbẹ́yìn. Inú mi máa ń dùn láti rí wọn. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ohun tí púpọ̀ nínú wọn wọ̀. Ẹni kan á wọ ẹ̀wù òtútù méjì léra wọn. Ẹlòmíràn á fi náílọ̀n dúdú, irú èyí tí a fi ń kó pàǹtí, wé ikùn rẹ̀ láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí, á wá wọ ẹ̀wù lé e. Bí ẹ bá bi wọ́n, ohun kan náà ni wọn yóò sọ: kí òógùn lè pọ̀ ni, nítorí ọ̀rá ló ń yọ́ jáde yẹn.

Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan, ó sáré dé, ó tú náílọ̀n ikùn rẹ̀, omi sì ṣàn sílẹ̀ lójú wa. Ó gun ìwọ̀n. Kílò kan ti dín nínú ohun tó wọ̀n kí ó tó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fi ojú yín rí i."

Mo ní omi ni. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa. Bí ọ̀rá kò bá bá òógùn jáde, ibo ló ń gbà jáde lára?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo bi àwọn tó yẹ kó mọ̀. Ọ̀kan ní ó ń di agbára. Èkejì ní ó ń di iṣan. Ẹ̀kẹta ní ìgbẹ́ la fi ń yà á. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì gbà báyìí pé ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì yìí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà lọ yóò gba ọ̀nà tí ojú rẹ̀ rí gbọ́.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ń làágùn nídìí iná láti àárọ̀ di alẹ́. Bí òógùn bá jẹ́ ọ̀rá ni, kò yẹ kí ẹnì kan nínú wọn sanra. Ní àkókò ọyẹ́, a lè sáré jìnnà kí aṣọ wa má fi bẹ́ẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ á sì máa ro wá bí ó ṣe ń ro wá nígbà ooru. Ẹni tó bá sì ń fọ aṣọ mọ̀ pé ibi tí òógùn gbẹ sí máa ń ní àmì iyọ̀ funfun, omi lásán ló sì ń mú un kúrò. Ibi tí epo kán sí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà kò le. Lítà omi kan wọn kílò kan. Ẹni tó sáré fún wákàtí kan nínú ooru wa lè pàdánù lítà omi kan, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kílò kan ọ̀rá ara ènìyàn ní agbára tó tó kálórì 7,700, kálórì tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Ẹni tó wọn kílò 70, tó sáré kìlómítà 5, ná nǹkan bíi kálórì 350. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá nìkan ló jó ní gbogbo ọ̀nà yẹn, kò pé gíráàmù 50. Ẹ wo ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta tó kún fún òróró: bí ó ti mọ nìyẹn. Ìyókù kílò tí àbúrò mi rí, omi ni. Mo ní kí ó mu omi títí òùngbẹ yóò fi kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí ó tún gun ìwọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú kílò náà ti padà kí a tó jẹun ọ̀sán.

Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ibo ni gíráàmù díẹ̀ yẹn gbà lọ?

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa fìtílà. Ẹ bu òróró sí i lálẹ́, ẹ tan òwú rẹ̀, ẹ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, òróró ti tán. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, nítorí náà kò jò. Kò sí eérú níbẹ̀. Òróró wọn nǹkan lánàá, lónìí kò sí mọ́. Ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ ni. Bákan náà ni kpayo, epo bẹntiróòlù tí àwọn ọlọ́kadà wa ń rà ní ìgò létí títì. Ọkadà kún lówùúrọ̀, ó gbẹ lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí epo máa kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó fi jó epo, ohun tó kù sì gba ọ̀pá èéfín jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí nìyí tí wọn kì í lè kọjá. Wọn á ní, "Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Báwo ni ohun tó wúwo lórí ikùn mi yóò ṣe di afẹ́fẹ́?" Mo ti bá ènìyàn jiyàn lórí èyí ju bí mo ti rò lọ, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kò sì lè dì í mú, ó ṣòro láti gbà pé ó wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìgò gáàsì tí ẹ fi ń dáná. Èyí tó kún ń wúwo lápá, èyí tó tán fúyẹ́. Ẹnikẹ́ni kò da nǹkan jáde nínú rẹ̀. Ó jó lábẹ́ ìkòkò, ó sì bá ojú fèrèsé lọ. Gbogbo ìwúwo tó kúrò nínú ìgò wà nínú afẹ́fẹ́ ìta báyìí. Kò sọnù, ó kàn fọ́n ká ni.

Ọ̀rá ara náà rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́ònù, háídrójìn àti ọ́síjìn díẹ̀ ló parapọ̀ di í. Bí ara bá nílò agbára ju èyí tí oúnjẹ òní fún un lọ, yóò tú ọ̀rá sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dé inú iṣan, iṣan yóò fi ọ́síjìn tí a mí sínú jó o. Iná yìí kò ní ahọ́n, kò sì ní èéfín, ṣùgbọ́n jíjó ni. Agbára tó ti inú rẹ̀ jáde la fi ń gbé ẹsẹ̀, òun náà ló sì ń mú ara wa gbóná. Kábọ́ònù rẹ̀ á di gáàsì kábọ́nìkì, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, a ó sì mí i jáde.

Ní ọdún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ti Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ British Medical Journal. Bí kílò 10 ọ̀rá bá jó tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ń bá èémí jáde, kílò 1.6 ń di omi. Kí ọ̀rá náà tó lè jó, ara gbọ́dọ̀ mí kílò 29 ọ́síjìn sínú. Wọ́n tún bi àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ oúnjẹ àti àwọn olùkọ́ eré ìmárale ní ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ó ń di agbára tàbí ooru. Nígbà tí mo mọ èyí, ojú tó ń tì mí dín kù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sáré tí ẹ ń mí gúlegúle, èémí yẹn ni kí ẹ kà sí ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí àga kí ó máa mí gúlegúle nítorí ohun tí mo sọ yìí. Òòyì ni yóò kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ṣe bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀. Èéfín ọkadà kì í pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ ṣe.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ kan tí ẹni tó ń bá mi jiyàn lè dì mú. Kílò 1.6 tó di omi yẹn lè bá ìtọ̀ jáde, ó lè bá èémí jáde, ó sì lè bá òógùn jáde. Ọ̀rá tó bá ti di omi, kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a mu. N kò lè sọ pé kò sí ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú òógùn yín tó ti ara ọ̀rá wá. Ohun tí mo lè sọ ni pé iná gbọ́dọ̀ ti jó kí omi náà tó wà, náílọ̀n kì í sì í dá iná yẹn. Bí ooru tó há sínú rẹ̀ bá tilẹ̀ mú kí ọkàn lù kíákíá sí i, kí kálórì díẹ̀ sì lọ sí i, kò lè tó ìdákan nínú ohun tí ẹ ó rí bí ẹ bá bọ́ náílọ̀n náà kí ẹ lè sáré pẹ́ sí i. Ẹni tí ooru mú kì í sáré jìnnà.

Ẹ tún wo iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe. Gbogbo ilé tí wọ́n ti lo àmù rí mọ̀ pé omi inú rẹ̀ máa ń tutù láìsí fíríìjì. Omi díẹ̀ ń yọ sí ara amọ̀, ó ń gbẹ, bí ó sì ṣe ń gbẹ ni ó ń kó ooru lọ. Bí ẹ bá fi náílọ̀n wé àmù náà, omi inú rẹ̀ yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Awọ ara wa ń ṣe bí àmù. Òógùn tó gbẹ lára ló ń mú ara tutù. Èyí tó kán sílẹ̀ kò mú nǹkan lọ. Ní Àjàṣẹ́ tiwa, tí ọ̀sà àti òkun sún mọ́, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, òógùn kì í tètè gbẹ. A wá ń fi náílọ̀n dí ìwọ̀nba tó kù. Ara á máa gbóná, á tún máa da omi jáde sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa ki, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ìdẹ́rùbà ni mo ń ṣe. Ní ọdún 1997, láàárín oṣù kan péré ó lé ọjọ́ díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tí wọ́n ń ja ìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti dín ìwọ̀n wọn kù kí ìdíje tó dé. Wọ́n wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, wọ́n sì ń ṣe eré ìmárale nínú yàrá gbígbóná. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni wọ́n, wọ́n sì ní olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀ fi òfin de irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lè ṣe irú wọn bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ nípa ìyá ẹni ọdún 50 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀ lemọ́lemọ́? Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, aboyún, àti ẹni tó ń gbààwẹ̀ wà nínú ewu kan náà. Bí ẹnì kan bá ń sáré tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rá ló ń yọ́. Ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji, ẹ tú ohun tó wé kúrò, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má rọ ọ́ lómi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwọn lo náílọ̀n fún oṣù mẹ́fà, ikùn wọn sì wọlé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n sáré fún oṣù mẹ́fà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìmárale níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é títí, tí kò fi àkàsà àti òróró dá gbogbo rẹ̀ padà, ó yẹ kí ó rí àyípadà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yára bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ikùn kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ara ń mú ọ̀rá kúrò, ohun yòówù kí a wé mọ́ ọn.

Àbúrò mi ti jù náílọ̀n sílẹ̀, kì í sì í gun ìwọ̀n mọ́ bó bá ti sáré dé. Mo fún un ní okùn kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, kí ó tó jẹun, ó ń fi wọn ìbàdí rẹ̀ ní ọ̀gangan ìdodo, ó sì ń ta kókó sí ibi tó bá dé. Okùn náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Kókó mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ báyìí. Ìkejì àti ìkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìkẹta fi ìka kan wọlé sí i. Ó ti dín iye ìgbà tó ń jẹ àkàrà lálẹ́ kù pẹ̀lú, nítorí náà n kò lè sọ èyí tó ṣe é jù nínú méjèèjì.