Bí giramafóònù ṣe di ohun tí wọ́n ń wá kiri

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Àkúrẹ́ pè mí pé kí n wá wo ẹ̀rọ orin àtijọ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo bá giramafóònù kan lórí tábìlì, ìwo idẹ rẹ̀ ń dán gbinrin, àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí ohùn ọ̀gá rẹ̀ wà níwájú àpótí. Mo rọra yí i padà. Igi rẹ̀ tuntun, ìṣó ara rẹ̀ kò tíì dógùn-ún. Irú rẹ̀ pọ̀ tó ń ti Íńdíà wá: wọ́n á tú mọ́tò inú giramafóònù àtijọ́ kékeré, wọ́n á kàn án sínú àpótí tuntun, wọ́n á wá fi ìwo idẹ dé e lórí. N kò lè bà á nínú jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó rẹwà o."

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tiẹ̀ kò rẹwà rárá. Ní 1877, Thomas Edison ya àwòrán rẹ̀ fún John Kruesi, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Menlo Park ní Amẹ́ríkà, òun ló sì rọ ọ́. Irin roboto kan ni, tí wọ́n we bébà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sí i, ohùn á mú abẹ́rẹ́ gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á tẹ ojú bébà wọlé. Tí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì tún yí irin náà, ohùn á jáde. Ewì ọmọdé nípa àgùntàn kékeré kan ni Edison kọ́kọ́ ké sí i. Ẹ wò ó, ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo láti kékeré ló kọ́kọ́ rí ohùn èèyàn so mọ́lẹ̀, tó sì tún mú un jáde.

Bébà náà kì í pẹ́ ya. Àwọn mìíràn fi ìda rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà ńlá ṣì ń jẹ olórin: bí wọ́n bá fẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, á kọ orin kan náà léraléra títí ohùn rẹ̀ á fi há. Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló mú àwo pẹlẹbẹ wá ní 1887, tó sì pe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní giramafóònù. Orin ẹ̀ẹ̀kan péré tó. Wọ́n á fi irin ṣe òǹtẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa tẹ àwo bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni rẹ́kọ́ọ̀dù ti di ọjà. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń yí i, bó bá rẹ ẹni tó ń yí i, ohùn olórin náà á máa wọ́lẹ̀, àfi ìgbà tí Eldridge Johnson, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, fi sípíríǹgì sí i ní 1896.

Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi ní Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwo ìgbà náà. Bó bá já bọ́, ó parí. Ojú kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ, abẹ́rẹ́ tuntun sì ni wọ́n ń fi sí i fún ojú kọ̀ọ̀kan.

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, kọ orin 43 ní èdè Yorùbá fún Zonophone, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó kòkó ló gbé ẹ̀rọ náà dé pálọ̀ wa ní Oǹdó. Èyí tí kò ní ìwo níta, tó ń pa dé bí àpótí aṣọ, ló bá àwọn àgbẹ̀ wa lára mu jù.

Lẹ́yìn náà ni rédíò dé, ni àwo LP tí ojú rẹ̀ kan ń kọrin pẹ́, tí kì í sì í tètè fọ́, náà dé ní 1948, giramafóònù sì di ẹrù àjà. Àwọn kan ti fẹ́ràn rẹ̀ ṣáájú ìyẹn: 1919 ni ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù! Lónìí, wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìwo, sípíríǹgì, agolo abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á kún orí tábìlì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kì í wo dídán. Á yí ẹ̀rọ padà, á wo nọ́ńbà rẹ̀, á wò ó bóyá orí tó ń gbé abẹ́rẹ́ bá ara ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́.

Èmi kò dé Amẹ́ríkà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá àgbà ní Oǹdó ni mo ti rí tèmi, wọ́n ti kó ìró àtijọ́ lé e lórí.

"Ti bàbá yín ni," ni wọ́n wí. "Kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo ṣí i. HMV 102 ni, ti ilé iṣẹ́ tí àwòrán ajá yẹn jẹ́ àmì rẹ̀, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931. Mo yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò mú nǹkan kan dání, sípíríǹgì ti já. Ṣùgbọ́n ibi ìkó-abẹ́rẹ́ tó wà ní igun àpótí ṣì ń ṣí. Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ló kù níbẹ̀.